Owó Kòrónà ní Ilẹ̀ Òwú

Bí èèyàn bá gba ọ̀nà 49 kúrò ní Jackson, olú-ìlú Mississippi, tó forí lé àríwá, òkè kéékèèké ni yóò máa gùn tí yóò máa sọ̀, igi páìnì lọ́tùn-ún, igi páìnì lósì. Bó bá dé Yazoo City ni òkè á já. Ilẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ lọ títí dé ibi tí ojú lè ríran dé. Ibi tí wọ́n ń pè ní Delta nìyẹn. Odò Mississippi ló fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kún àkúnya, tó ń da ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn ló dára fún òwú, òwú yẹn ló sì mú kí wọ́n kó àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí wá ní ẹrú.

Oṣù kẹwàá la lọ, ìkórè òwú ń lọ ní pẹrẹu. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti ń kọ́ni ní yunifásítì ní Jackson láti ọjọ́ pípẹ́ ló wa mọ́tò. Èmi jókòó tì wọ́n, mò ń wo pápá funfun báláú, àti àwọn ìdì òwú roboto tí wọ́n fi ọ̀rá yẹ́lò tàbí pínkì wé, tí wọ́n tò sétí oko, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga ju èèyàn lọ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lèèyàn ṣe máa mọ ẹni tó rówó gbà níbí nígbà Kòrónà?"

Wọ́n ní, "Máa wo àká. Níbi tí o bá ti rí àká, ibẹ̀ ni owó gbà kọjá."

Àwọn àgbá onírin gàgàrà tó ń kọ mànà nínú oòrùn, tí orí wọn ṣe ṣóńṣó, tí wọ́n ń da àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà sí, ni wọ́n ń pè ní àká. Oko kan ní méjì, òmíràn ní tó mẹ́wàá tí wọ́n tò gbọọrọ bí ọmọ ogun. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n kàn ń dápàárá ni. Kí ọjọ́ náà tó parí, mo ti rí i pé òfin tí wọ́n fi pín owó náà gan-an ni wọ́n fi gbólóhùn kan là yé mi.

Owó tí mò ń wí ni èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà pín fún àwọn àgbẹ̀ lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2020, Sonny Perdue, tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn wọn nígbà náà, kéde bílíọ̀nù 19 dọ́là. Bílíọ̀nù 16 nínú rẹ̀ yóò wọ ọwọ́ àgbẹ̀ tààrà. Bílíọ̀nù 3 tó kù, wọn yóò fi ra oúnjẹ fún àwọn tí kò rí jẹ. CFAP ni wọ́n sọ ètò náà. Ẹni tó bá rántí ọdún yẹn kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ohun tó fà á. Ilé oúnjẹ ti ilẹ̀kùn, ilé ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀kùn, àwọn iléeṣẹ́ ìpẹran ńláńlá náà tì nígbà tí àìsàn ràn káàkiri àárín òṣìṣẹ́ wọn. Àwọn tó ń sin màlúù oníwàrà ń da wàrà nù. Àwọn èèyàn jókòó sílé, wọn ò wa mọ́tò mọ́, ìyẹn sì já àgbàdo bọ́, nítorí pé ẹtanọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pò mọ́ epo mọ́tò, àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní Delta níbí, ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń sìn nínú adágún, tí ilé oúnjẹ ń rà, wà nínú omi láìrí ẹni rà á.

Nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ètò kejì jáde, ó tó bílíọ̀nù 14. Ààrẹ Trump fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀ níbi ìpolongo ìbò ní Wisconsin. Ìbò ku bíi oṣù kan àbọ̀. Kí ọdún tó parí, owó tí ìjọba àpapọ̀ san tààrà fún àwọn àgbẹ̀, ti Kòrónà àti ti àwọn ètò mìíràn pọ̀, ti lé ní bílíọ̀nù 45 dọ́là. Wọn ò san tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bílíọ̀nù kì í yé èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ lọ wo ibi kan ṣoṣo tí owó náà dé, kí n fojú rí ẹni tó gbà á àti ẹni tí kò rí i gbà. Káúńtì Holmes ni mo mú. Odò Yazoo ni ààlà rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, odò Big Black ni ààlà rẹ̀ ní ìlà-oòrùn. Àwọn èèyàn ibẹ̀ tó nǹkan bíi 17,000 nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2020, ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ìṣẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ibi lọ ní Amẹ́ríkà. Apá kan rẹ̀ jẹ́ Delta, tí òwú àti ẹ̀wà sóyà ti ń ṣe dáadáa. Apá kejì jẹ́ òkè, tí wọ́n ti ń da màlúù díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí i pé apá méjèèjì yìí kò bá owó náà pàdé bákan náà.

A gba Eden kọjá, a dé Mileston. Ẹni tí kò bá mọ̀ á wakọ̀ kọjá lórí rẹ̀ láìyà sí i, nítorí kò sí ju ilé mélòó kan, ọ̀nà rélùwéè, ṣọ́ọ̀ṣì àti oko lọ. Síbẹ̀, bí èèyàn bá ń wá ibi tí owó ìjọba ti yí ayé àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú padà ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ní nǹkan bíi ọdún 1940, ìjọba Ààrẹ Roosevelt ra ilẹ̀ àwọn olóko ńlá tó ti jẹ gbèsè, wọ́n là á sí oko kéékèèké, wọ́n kọ́ ilé àti abà sí i, wọ́n sì tà á fún ìdílé aláwọ̀ dúdú tó lé ní 100, lórí ẹ̀yáwó ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí èlé rẹ̀ kéré. Àwọn tí wọ́n ti ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí onílẹ̀ ń gba ìdá nínú òwú wọn, tó sì ń ṣírò gbèsè sí wọn lọ́rùn lọ́dọọdún, wá di onílẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń ya kóró òwú.

Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún la bá ní etí oko wọn. Wọ́n dé fìlà àwọn onímọ́tò ẹrù, wọ́n ń fi ọ̀bẹ kékeré gé ìtàkùn ànàmọ́ kúrò kí wọ́n tó wà á. Ebè ilá tó ti gbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ̀ka rẹ̀ ti le bí igi, èso tó kù lórí rẹ̀ ti gbẹ, wọ́n ń dá a sí fún irúgbìn. Ẹ̀wà náà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ká a. Mo wo oko yẹn, mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí màmá mi kò ní mọ̀ bí wọ́n ṣe ń sè.

Ẹ̀gbọ́n kí wọn, wọ́n sọ ẹni tí mo jẹ́. Bàbá ní wọ́n ti gbọ́ nípa Nàìjíríà, pé àwọn dókítà ọsibítù wọn pọ̀ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Nígbà tí mo dárúkọ owó Kòrónà, wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ètò àkọ́kọ́," ni Bàbá wí, "wọ́n ní kí ẹni tó ń gbin ewébẹ̀ sọ ohun tó pàdánù láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin. Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ń ká ilá lóṣù kejì?"

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nínú ìwé. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2020 ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Ní Florida àti California, àsìkò yẹn ni ọjà ewébẹ̀ ń gbóná, tí tòmátò àti létíúsì ń jáde lóko. Ní Mileston, ilẹ̀ ṣì tutù. Òfin kan náà ni, òjò tó rọ̀ sí ewúro ló rọ̀ sí ìrèké, ṣùgbọ́n Bàbá kò lè ka ohun tí kò tíì hù mọ́ ohun tó bàjẹ́.

Ètò kejì sàn fún wọn díẹ̀. Wọ́n ní kí àgbẹ̀ ewébẹ̀ mú iye tó tà ní ọdún 2019 wá, àwọn yóò fún un ní ìdá 10.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, bí ọjà náà kò bá tó 50,000 dọ́là. Bàbá kò sọ iye tí wọ́n gbà fún mi, èmi náà ò bi wọ́n, torí a kì í bi àgbàlagbà lówó àpò rẹ̀. Mo ṣe ìṣirò tèmi fúnra mi. Àgbẹ̀ tó bá ta ẹrù 8,000 dọ́là yóò gba 848 dọ́là. Kò burú. Yóò ra irúgbìn àti epo katakata. Àmọ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ti ń tà á, àti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, owó lọ́wọ́ ọjà lọ́wọ́. Rìsíìtì wo ni obìnrin tó ra ẹ̀wà dọ́là márùn-ún máa gbà? Ẹnu àgbẹ̀ ni ìjọba gbà gbọ́ nígbà tó ń kọ fọ́ọ̀mù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn lè padà wá béèrè ẹ̀rí. Ẹni tí ìjọba ti fojú rẹ̀ rí màbo rí kò ní kọ ju ohun tó ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí àká.

Àwọn tó gbin ẹ̀wà sóyà, àgbàdo àti òwú, bí wọ́n ṣe ṣírò tiwọn nínú ètò àkọ́kọ́ nìyí. Wọ́n wo ìdajì ohun tí àgbẹ̀ kórè ní 2019. Wọ́n tún wo èyí tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 2020, tí kò tíì tà, tí kò sì tíì bá ẹnikẹ́ni dá iye lé. Èyí tó bá kéré nínú méjèèjì ni wọ́n mú. Lórí búṣẹ́ẹ̀lì ẹ̀wà sóyà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ já sí sẹ́ǹtì 47 àbọ̀. Ẹni tó kórè 100,000 búṣẹ́ẹ̀lì, tó sì ní 50,000 nínú àká ní oṣù kìíní, yóò gba 23,750 dọ́là. Wọ́n kọ́kọ́ san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n wá san ìyókù lẹ́yìn náà.

Ẹni tí kò ní àká ńkọ́? Inú oko ni yóò ti da ẹ̀wà rẹ̀ sínú ọkọ̀, yóò gbé e lọ tààrà fún oníṣòwò létí odò, yóò gba owó tí wọ́n bá fún un. Nígbà tí oṣù kìíní bá fi dé, kò ní hóró kan lọ́wọ́. Òdo ni tirẹ̀.

Ní Tchula, níbi tí a ti dúró ra epo, mo bá àgbẹ̀ òyìnbó kan sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà kò le. Bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí eruku òwú. Mo bi í bóyá ó tọ́ kí ẹni tó ní àká gbà, kí ẹni tí kò ní má gbà. Ó wò mí dáadáa kó tó dáhùn. Ó ní ẹni tó ta ẹ̀wà rẹ̀ lóṣù kẹwàá ti gba owó rẹ̀ kí Kòrónà tó dé. Ẹ̀wà tó wà nínú àká ni àrùn náà gé owó lórí rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ìkórè kan tí mo ń wò lẹ́yìn ibùdó epo yẹn, owó rẹ̀ ju ti ilé lọ, gbèsè báńkì ló sì wà lórí rẹ̀. Pé láìsí owó ìjọba lọ́dún yẹn, báńkì ni ì bá máa wa ẹ̀rọ náà báyìí.

Èmi kò rí ohun tí mo fẹ́ fi ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó kó ẹrù púpọ̀ sọ́jà ló pàdánù púpọ̀, tí a bá ń wo iye ọjà nìkan. Ibi tí èmi àti òun ti yà ni pé àdánù ọdún yẹn kò mọ sí iye ọjà. Ilé ẹ̀kọ́ tí ń ra ànàmọ́ Bàbá tì. Ọjà ọjọ́ Sátidé tú ká. Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá, tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé, pàdánù iṣẹ́. Kò sí àyè fún ìkankan nínú èyí lórí fọ́ọ̀mù. Ibi tí wọ́n fi owó náà mọ sì ga: 250,000 dọ́là fún ẹnì kan, bí iléeṣẹ́ oko bá sì ní alájọni mẹ́ta tí kálukú wọn ṣiṣẹ́ oko náà fún ó kéré tán 400 wákàtí, ó lè gba tó 750,000. Ìdílé tó ní lọ́yà àti oníṣirò owó á tètè mọ bí wọ́n ṣe ń di alájọni mẹ́ta.

Láti Tchula, ọ̀nà 12 ló gbé wa gun òkè padà lọ sí Lexington, olú-ìlú káúńtì náà. Kóòtù alábíríkì pupa wà láàárín ìlú, ṣọ́ọ̀bù yí i ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti tì pa. Ẹ̀gbọ́n ní kí n má kàn wo kóòtù yẹn lásán. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1963, àwọn mẹ́rìnlá kan, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àgbẹ̀ láti Mileston, wá síbẹ̀ láti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n lè dìbò. Hartman Turnbow ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú nígbà tí ọlọ́pàá béèrè ẹni tó máa ṣáájú. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi ju bọ́ǹbù oníná sí ilé rẹ̀ lóru. Wọ́n tún mú un, wọ́n ní òun ló dáná sun ilé ara rẹ̀. Àwọn alágbàro tó wà lórí ilẹ̀ àwọn òyìnbó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí onílẹ̀ á lé wọn jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ará Mileston lè ṣe é nítorí pé orí ilẹ̀ tiwọn ni wọ́n ń sùn. Káúńtì yìí kan náà ló dìbò yan Robert Clark ní 1967, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó padà wọ ilé aṣòfin Mississippi láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

 

Ìlà-oòrùn Lexington, lójú ọ̀nà Durant, ni màmá kan ti ń sin màlúù. Nǹkan bí ogún ni wọ́n ní, abo ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Nígbà tí a dé, wọ́n ń lu àwo onírin mọ́ ọgbà, màlúù ń tọ̀ wọ́n bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè. Ètò àkọ́kọ́ san dọ́là 33 lórí màlúù tó wà nílẹ̀. Ogún màlúù, 660 dọ́là. Ètò kejì gbé e sí 55, ṣùgbọ́n wọ́n yọ àwọn tó wà fún ìbísí kúrò. Ẹni tí agbo rẹ̀ jẹ́ kìkì ìyá màlúù kò rí nǹkan mú níbẹ̀ àyàfi lórí àwọn ọmọ wọn.

Màmá kò gba 660 náà. Mo rò pé wọn kò fẹ́ ẹ ni. Wọ́n ní rárá, orúkọ wọn ni kò sí nínú ìwé.

Ní gbogbo àgbègbè tí àgbẹ̀ bá wà ní Amẹ́ríkà, USDA, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀, ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó o. Ẹ̀ka rẹ̀ tó ń sanwó ni FSA. Àgbẹ̀ tó bá ti ń bá wọn ṣe tẹ́lẹ̀, gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti wà níbẹ̀: ìwọ̀n oko, nọ́ńbà oko, báńkì tó ń lò. Nígbà Kòrónà, ó kù kó fọwọ́ sí ìwé ni. Ẹni tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ látòkè: fọ́ọ̀mù ẹni tó jẹ́, fọ́ọ̀mù iye tó ń wọlé fún un, fọ́ọ̀mù pé kò ba ilẹ̀ olómi jẹ́, fọ́ọ̀mù báńkì. Wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì nítorí àrùn. Orí fóònù, fáàsì àti ímeèlì ni gbogbo rẹ̀ wà. Ní òkè yẹn, mo wo fóònù tèmi lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan.

Kí ló dé tí orúkọ Màmá kò fi sí nínú ìwé láti ọjọ́ yìí? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Bàbá bàbá wọn ló ra oko náà, ó kú láìṣe ìwé ìhágún. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò pín in, àwọn ọmọ ọmọ kò pín in. Lónìí, àwọn tó ni ilẹ̀ náà wà ní Chicago, wọ́n wà ní Detroit, ẹlòmíràn kò tíì dé Mississippi rí. Orúkọ òkú ló ṣì wà lórí ìwé ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wò mí, èmi náà wò wọ́n. Kò sí ẹni tó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá tó nílò kí wọ́n ṣàlàyé ilẹ̀ ẹbí fún un. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiwa ní olórí ẹbí tí òfin àti àṣà mọ̀. Tiwọn kò ní. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọ Chicago lè ta ìdá tirẹ̀ fún àjèjì, àjèjì á sì gba kóòtù lọ kí wọ́n ta gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú púpọ̀ gbà bọ́. Òfin ọ̀gbìn ọdún 2018 ti wá ní kí FSA gba ìwé mìíràn lọ́wọ́ irú ìdílé bẹ́ẹ̀, bí àdéhùn tí ọ̀pọ̀ àwọn àjùmọ̀ni fọwọ́ sí, tàbí ìwé owó-orí oko fún ọdún márùn-ún. Màmá kò gbọ́ nípa rẹ̀ àfìgbà tí ètò Kòrónà ti parí. Àwọn òṣìṣẹ́ láti Yunifásítì Alcorn ló wá sọ fún wọn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, Tom Vilsack, tó gba ipò lọ́wọ́ Perdue, sọ fún ìwé ìròyìn Washington Post pé nínú owó Kòrónà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 26 dọ́là, mílíọ̀nù 20.8 péré ló dé ọwọ́ àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ni. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ mọ́ lóòótọ́. Ní 1920 wọ́n tó 925,000, nígbà tó fi di 2017 wọn kò tó 50,000. Wọ́n kéré, oko wọn sì kéré. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n pàdánù nígbà tí ọ́fíìsì ìjọba kò yá wọn lówó, tí wọ́n sì ń yá aládùúgbò wọn, òun ni fọ́ọ̀mù ọdún 2020 kò lè kà. Ọ̀rọ̀ ìyàsọ́tọ̀ yẹn kì í ṣe àhesọ: ẹjọ́ Pigford tí àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú pè ní 1997 ló mú kí ìjọba san nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là, wọ́n tún fi 1.25 bílíọ̀nù lé e ní 2010.

Ìjọba Biden gbìyànjú láti tún un ṣe. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ètò kejì padà títí di ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2021. Wọ́n tún fi sínú òfin oṣù kẹta ọdún náà pé àwọn yóò san gbèsè àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti rẹ́ jẹ nítorí àwọ̀ wọn, ìdá 120 nínú ọgọ́rùn-ún, kí èyí tó lé lè gbé owó-orí. Owó náà jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 4. Lẹ́tà dé ilé àwọn èèyàn. Ní oṣù kẹfà, kóòtù ní Wisconsin àti Florida dá a dúró, lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ òyìnbó pẹjọ́ pé òfin orílẹ̀-èdè kò gbà kí wọ́n fi àwọ̀ pín owó. Wọ́n rí ẹsẹ̀ òfin dì mú. Ẹni tí lẹ́tà ti dé ọwọ́ rẹ̀, tó ti sọ fún ìyàwó pé gbèsè ti tán, kò rí nǹkan kan dì mú. Ilé aṣòfin fagi lé e ní 2022, wọ́n fi owó mìíràn rọ́pò rẹ̀ tí kò dárúkọ àwọ̀. Nígbà tó di ìparí oṣù keje ọdún 2024, àwọn tó lé ní 43,000 ni wọ́n san nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 dọ́là fún lórí ẹ̀sùn ìyàsọ́tọ̀, àwọn ará Mississippi àti Alabama ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Bàbá Mileston wà lára àwọn tó gba èyí. Wọ́n fi ra katakata àtijọ́ tó sàn ju èyí tí wọ́n ní lọ, wọ́n mú wa lọ wò ó. Nígbà tí mo béèrè bóyá inú wọn dùn sí i, wọ́n ní katakata dára, àmọ́ ohun tí bàbá àwọn gbà lọ́wọ́ ìjọba ni àwọn dúró lé lórí yìí, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà títí, ibi tí mo dúró sí nìyí. Owó Kòrónà yá, ó sì pọ̀. Ó dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní oṣù mélòó kan, èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọba kò lè ṣe. Ó gba oko ọkùnrin Tchula yẹn là. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ní lọ́wọ́ ló fi ń ṣírò ohun tí yóò fún un, nítorí náà ó bá onílé tún ilé ṣe, ó sì kọjá lójú aláìnílé. Owó ọdún 1940 kéré sí i púpọ̀púpọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló fi ra, ilẹ̀ náà ló sì rán àwọn mẹ́rìnlá lọ sí kóòtù Lexington. Èmi kò mọ ètò ìrànwọ́ àgbẹ̀ mìíràn ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ wa ti ń ra ilẹ̀ oko káàkiri báyìí ní Georgia, Texas àti Maryland, wọ́n ń gbin ewédú, ṣọkọ̀ àti ata. Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún yín kò gùn. Ẹ mú ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé àyálò yín àti ìwé ìdánimọ̀ yín lọ sí ọ́fíìsì FSA tó bá sún mọ́ yín, kí ẹ gba nọ́ńbà oko. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá gbà á tán, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń dìbò yan ìgbìmọ̀ àgbẹ̀ àgbègbè yín, kí ẹ sì dìbò. Ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ bá tà, ì báà jẹ́ ìdì ewédú kan, kí ẹ sì kọ ìwé ìhágún nígbà tí ara yín ṣì le.